Oṣù àwọn Hispanic: ìwé wọn la fẹ́ kà ni, àbí ojú ara wa la ń wá nínú rẹ̀?

Ìyá Ìyanu
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Bronx ni mo ń gbé. Tíṣà tó ń kọ́ Ìyanu ọmọ mi fi ìwé pélébé kan rán an sí mi lánàá. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni Amẹ́ríkà fi ń yẹ́ àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì wá sí, àwọn tí wọ́n ń pè ní Hispanic. Wọ́n ní kí òbí kọ̀ọ̀kan yan ìwé méjì nínú mẹ́fà, kó bá ọmọ rẹ̀ kà á, kí ọmọ sì wá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyí: The House on Mango Street ti Sandra Cisneros, In the Time of the Butterflies ti Julia Alvarez, The Poet X ti Elizabeth Acevedo, Bless Me, Ultima ti Rudolfo Anaya, One Hundred Years of Solitude ti Gabriel García Márquez, àti ìwé Tomás Rivera, ...y no se lo tragó la tierra. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Ìyanu, àbúrò rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò lè ka gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí n mú?

Ọmọ Aláàfin
Mo ka orúkọ mẹ́fà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ẹyọ kan tó jẹ́ ti Kúbà, mi ò sì rí èèyàn dúdú kankan níbẹ̀. Ṣé àyẹ́sí nìyẹn? Àǹtí, ẹ dá ìwé pélébé yẹn padà fún tíṣà. Ẹ sọ fún un pé Yorùbá ni yín, ẹ ti ní yàrá tiyín nínú ilé Sípáníìṣì tipẹ́tipẹ́. Lydia Cabrera, ọmọ Havana, ló kọ El Monte ní 1954. Igbó ni "monte" yẹn. Ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà dúdú ló jókòó sí, tí wọ́n ń sọ fún un ohun tí àwọn bàbá ńlá wọn gbé ti ilé wá. Apá ẹ̀yìn ìwé náà, ewé ló kún ibẹ̀: orúkọ ewé ní Sípáníìṣì, orúkọ rẹ̀ ní Lùkùmí, ìyẹn Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Kúbà, òrìṣà tó ni ín, àìsàn tó ń wò. Lùkùmí yẹn, àwa ni. Nígbà tó di 1957 ó tún kó ọ̀rọ̀ Lùkùmí jọ sínú ìwé kan tó pè ní Anagó. Ẹ ṣí i, ẹ ó bá omi níbẹ̀, ẹ ó bá ilé, ìyá, bàbá, ewé, àkùkọ. Ọmọ yín ò nílò ògbufọ̀.

Bọ̀dé Houston
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Aláàfin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá lẹ fẹ́ gbé El Monte lé lọ́wọ́? Mo ti fojú rí ìwé yẹn o. Ó nípọn bíi búrẹ́dì Àgége. Bó bá já lu ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ọsibítù ló kàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Kó tó dìgbà náà, ẹni tí ò gbọ́ Sípáníìṣì, àwòrán ló ń wò níbẹ̀.

Ìfẹ́olúwa
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìwé òrìṣà wọlé. Ẹ sì ṣọ́ra fún Bless Me, Ultima yẹn náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á níléèwé. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń já ewé, òwìwí ń bá a kiri. Ìgbà tí wọ́n yìnbọn pa òwìwí yẹn ni ìyá náà kú. Ọmọ Yorùbá wo ni ẹ máa ṣàlàyé ìyẹn fún kó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ?

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn
Ìfẹ́olúwa ọmọ mi, o kú ìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ohun tí o ṣe yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. O rí òwìwí, o sáré mú òwìwí tiwa bò ó mọ́lẹ̀. New Mexico ni ìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn tí bàbá wọn ti ń gbé ilẹ̀ náà kí Amẹ́ríkà tó gbà á lọ́wọ́ Mẹ́síkò. Curandera ni wọ́n ń pe Ultima, ìyẹn ni pé oníṣègùn ni, agbẹ̀bí ni. Àwọn kan nínú ìlú pè é ní àjẹ́ bí ìwọ náà ti ṣe, ẹjọ́ yẹn gan-an sì ni ìwé náà ń dá. Ẹ̀ṣọ́ ni òwìwí yẹn. Lóòótọ́ ló yọ ojú ọkùnrin kan, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ló kó èèyàn lẹ́yìn wá gbógun ti ilé tí ìyá náà wà.

Ìyá Ìyanu, Mango Street ni kí ẹ mú. 1984 ló jáde, ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Houston tó ń jẹ́ Arte Público. Orí inú rẹ̀ lé ní ogójì, òmíràn ò ju ojú ewé kan lọ, nítorí náà ẹ lè kà á nínú ọkọ̀ bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ wá orí tí ọmọbìnrin náà ti ń sọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀. Esperanza lorúkọ rẹ̀. Ó ní ní Gẹ̀ẹ́sì, ìrètí ni, ní Sípáníìṣì, ìbànújẹ́ ni, ìdúró pẹ́ ni. Ó ní níléèwé, bí wọ́n ti ń pe orúkọ òun, àfi bí ẹni pé agolo ni wọ́n fi rọ ọ́, tó ń ha wọ́n lájà ẹnu. Ọ̀dọ̀ ìyá ńlá rẹ̀ kan láyé àtijọ́ ni orúkọ ti wá, obìnrin tí ọkọ da àpò bò lórí gbé lọ sílé, tó wá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jókòó sójú fèrèsé. Ọmọ náà ní òun gba orúkọ, òun ò gba ìjókòó ojú fèrèsé. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ, ẹ bá ìyẹn jà.

Ẹ kọ́kọ́ dá a kà fúnra yín o. Orí kan wà lápá ìparí níbi tí ọkùnrin ti fipá bá ọmọ náà níbi eré. Ọ̀rọ̀ àkàwé ló fi kọ ọ́, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá á gbọ́ ọ yé.

Ìyá Ìyanu
Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ agolo yẹn wọ̀ mí lára. "Áyánà" ni wọ́n ń pe Ìyanu láti kíláàsì kìíní títí dé kẹta. Òun náà ti ń dáhùn.

Ọmọ Aláàfin
Tíṣà, ìtẹríba ni o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọmọ Mẹ́síkò tó ń dàgbà ní Chicago, kí ló kàn wá? Nicolás Guillén, akéwì Kúbà, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé Yorùbá lòun, àti pé Yorùbá lòun fi ń sunkún. Ọkùnrin tí ò fẹsẹ̀ tẹ Ọ̀yọ́ rí! Ẹni tó bá ní irú ewì yẹn nílẹ̀, kí ló fẹ́ fi fèrèsé ẹlòmíràn ṣe?

Àlàbí Kúbà
Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Kúbà, Sípáníìṣì ni mo fi jókòó ṣe gbogbo ìdánwò, nítorí náà ẹ gbà mí láyè díẹ̀.

Ọmọ Aláàfin, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ibi tó dùn mọ́ yín lẹ dákẹ́ sí. "Son número 6" ni ewì náà ń jẹ́, inú El son entero tó jáde ní 1947 ló wà. Ó ní Yorùbá lòun. Kò dúró síbẹ̀: ó ní òun tún jẹ́ Kóńgò, òun jẹ́ Màndíńgò, òun jẹ́ Kàràbálí. Nígbà tó yá, ó ní a ti wà pa pọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá, àtọmọdé àtàgbà, àtidúdú àti funfun, gbogbo rẹ̀ ti lú pọ̀. Todo mezclado. Ibẹ̀ ni ewì náà ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gé ìlà àkọ́kọ́ mú lọ dà bí ẹni tó gbọ́ "mo júbà" tí ò dúró gbọ́ ẹni tí wọ́n ń júbà.

Ẹ jẹ́ n fi ohun kékeré kan hàn yín. Igi ńlá kan wà ní Kúbà tí wọ́n ń pè ní ceiba. Àràbà ni igi yẹn lọ́dọ̀ wa, igi kan náà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn Lùkùmí, wọ́n á ní Ìrókò ni. Àwọn tí wọ́n kó lọ ò rí ìrókò níbẹ̀, wọ́n wo igi tó ga jù nínú igbó, wọ́n gbé Ìrókò lé e lórí. Èyí tó wà ní El Templete, ní Havana àtijọ́, lóru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá tí wọ́n fi ń rántí ìdásílẹ̀ ìlú náà, àwọn èèyàn á tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n á yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tò pẹ̀lú wọn lọ́dún kan. Ìyá arúgbó kan tó funfun bí òwú wà lẹ́yìn mi, ó ń pe Ìrókò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi tí wọ́n bí ní Ìsẹ́yìn, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Obì ńkọ́? Àgbọn ni "obí" ní Kúbà. Àgbọn ni wọ́n ń là sí mẹ́rin tí wọ́n ń dà bí a ti ń da obì. Ẹ wá fún Ìyanu ní ìwé Anagó pé kò nílò ògbufọ̀: á ka obí, á rò pé obì tó mọ̀ ni, àgbọn ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ wa ni o, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di tiwọn.

Bí Ìyá Ìyanu fúnra wọn bá fẹ́ ìwé Kúbà, Biografía de un cimarrón ni kí wọ́n wá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà. Miguel Barnet ló kọ ọ́ ní 1966 látẹnu Esteban Montejo, bàbá tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tó ti fìgbà kan sá kúrò lóko ẹrú wọ inú igbó, tó ń dá gbé níbẹ̀. Kúbà ò fòpin sí oko ẹrú àfi 1886. Bàbá náà sọ ti Lùkùmí, ó sọ ti Kóńgò, ó fi wọ́n wé ara wọn láìṣojúsàájú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jà lórí rẹ̀ pé ohùn bàbá ni àbí ohùn ẹni tó gbé kálàmù.

Ọmọ Aláàfin
Dókítà, mo gbọ́. Ẹ ò mọ bó ṣe ń dun èèyàn ni. Àwọn tiwa bá wọn kọ́ ilé, ọjọ́ ìṣílé dé, wọn ò pe orúkọ wa. Ó dáa, ẹ fi Kúbà sílẹ̀. Ọmọ Kòlóḿbíà kan wà, Manuel Zapata Olivella, òun ló kọ Changó, el gran putas ní 1983. Nǹkan bí ogún ọdún ló fi kọ ọ́. Ṣàngó wà lára àkọlé ìwé gbàgàdà! Kò ní sí ìyẹn náà nínú àkójọ iléèwé.

Bọ̀dé Houston
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ bi Dókítà pé kí ni "putas" kí ẹ tó gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lórí lọ síléèwé.

Àlàbí Kúbà
😂 Bí ọmọ Kòlóḿbíà bá pe èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹni tí apá ò ká ló ń wí, alágbára tí ò ṣeé kò lójú. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí Ìyanu má pè é níwájú tíṣà.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn
Mo ka èyí tí wọ́n tú sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Aláàfin, ṣé o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí o tó máa fi yangàn? Nínú ìwé yẹn, Ṣàngó tí wọ́n lé kúrò ní Ọ̀yọ́ ló gégùn-ún fún àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n fi dèrò oko ẹrú lókè òkun. Lọ sọ ọ́ ní Kòso kí o rí i. Ṣùgbọ́n má tíì bínú. Ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ní irú rẹ̀, ti Aláàfin Awólẹ̀: ó ta ọfà sí àríwá, ó ta sí gúúsù, ó ta sí ìwọ̀ oòrùn, ó ní ibi tí òun tafà sí ni wọn yóò kó wọn lẹ́rú lọ. Ó wá fọ́ àwo mọ́lẹ̀, nítorí igbá tó fọ́ ṣeé tún ṣe, àwo tó fọ́ ò ṣeé tún ṣe. A ní ègún kan nílé tí a kì í fẹ́ sọ lójú àlejò, ọmọ Kòlóḿbíà kan wá gbé irú rẹ̀ wọ Ṣàngó lọ́rùn. Àwa àgbà lè fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó lé ìyẹn. Ìyanu ò sí níbẹ̀.

Bọ̀dé Houston
Kí n tó gbàgbé, ẹ má mú ti García Márquez fún ọmọ náà báyìí. Ìwé dáadáa ni, 1967 ló jáde, wọ́n fún òǹkọ̀wé rẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun kan wà níbẹ̀ tó bí ọmọkùnrin mẹ́tàdínlógún fún ìyá mẹ́tàdínlógún, tí gbogbo wọn ń jẹ́ Aureliano. Táíwò àti Kẹ́hìndé tó wà ní Igbó-Ọrà ò tíì dà mí lójú rú tó bẹ́ẹ̀. Ọmọge kan sì wà tó di aṣọ ibùsùn mú tó gbéra nílẹ̀ lọ sọ́run lọ́sàn-án gangan. Àwa tí a ti ka Fágúnwà, ṣe la jókòó tí à ń jẹ gúgúrú.

Àbẹ̀kẹ́ Láíbìrì
Láíbìrì ni mo ti ń jẹun. Ẹ fi Kúbà sílẹ̀ díẹ̀, ẹ bọ́ sí New York tí Ìyá Ìyanu wà gan-an.

Àkọ́kọ́, Ọmọ Aláàfin, kò sóòótọ́ nínú pé kò sí èèyàn dúdú nínú mẹ́fà yẹn. Elizabeth Acevedo tó kọ The Poet X ní 2018, dúdú ni, ọmọ àwọn tó wá láti Dominican Republic. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó máa bínú.

Èyí tó ń bí èmi nínú yàtọ̀. Arturo Schomburg ò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ rẹ̀ láti àárọ̀. Puerto Rico ni wọ́n bí i sí ní 1874. Tíṣà kan sọ fún un ní kékeré pé èèyàn dúdú ò ní ìtàn. Ọkùnrin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ ra ìwé láti fi já tíṣà yẹn nírọ́. Ní 1926, wọ́n san $10,000 fún àkójọ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí láíbìrì tó wà ní òpópónà 135 ní Harlem. Ó ṣì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé náà. Ìyá Ìyanu, rélùwéè 2 tó gba Bronx kọjá á já yín sí òpópónà 135.

Ní ẹ̀ka òpópónà 135 yẹn kan náà, ní 1921, ni ọmọ Puerto Rico mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láíbìrì, Pura Belpré. Kò rí ìtàn ìlú rẹ̀ lórí pẹpẹ fún àwọn ọmọdé, ló bá ń pa á lálọ̀ọ́ fún wọn, ó sì tẹ ọ̀kan jáde ní 1932: Perez and Martina. Aáyán ni Martina, eku ni Pérez. Aáyán wẹ̀, ó ṣoge, ó jókòó síta. Ẹranko kan lọ, òmíràn dé, gbogbo wọn ló fẹ́ fi ṣaya. Ó bi olúkúlùkù pé báwo ni wàá ṣe máa bá mi sọ̀rọ̀? Ohùn eku ló wọ̀ ọ́ létí. Wọ́n ṣègbéyàwó. Ọdún Kérésì dé, aáyán gbé ìrẹsì oníwàrà kaná, eku bẹ́ sórí ìkòkò láti tọ́ ọ wò, ó ré sínú rẹ̀. Ẹ mú ìyẹn fún àbúrò Ìyanu. Ẹ kàn ké "Ààlọ́ o", ẹ ó rí bí á ṣe dáhùn.

Bí kò bá sí i lórí pẹpẹ, ẹ bèèrè Tomás and the Library Lady ti Pat Mora. Tomás Rivera tó wà nínú àkójọ yín náà ni wọ́n ń sọ, nígbà tó jẹ́ ọmọ alágbàṣe oko tó ń bá àwọn òbí rẹ̀ rìn láti Texas lọ ṣiṣẹ́ ní Iowa. Ọmọ yẹn ló wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Kalifóníà ní Riverside ní 1979.

Ìfẹ́olúwa
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka nǹkan nípa The Poet X. Ọmọ tó ń kọ ewì ní ìkọ̀kọ̀, tí ò fẹ́ gba ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ gidi. Ìwé tó ń kọ́ ọmọ bí á ṣe kọjú sí ìyá rẹ̀, ṣé ìyẹn náà ni àyẹ́sí?

Ìyá Ìyanu
Ìfẹ́olúwa, mo ti ka ìyẹn tán. Aago mẹ́ta òru ni, aláìsàn mi ti sùn, mo gbé e jáde. Mo dé ibi tí ìyá náà ti rí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣáná sí i. Ọmọ náà ń ka ewì jáde látorí, ìyá náà ń gbàdúrà mọ́ ọn. Mo pa ìwé náà dé, mo lọ fomi bọ́jú. Sípáníìṣì ni ìyá yẹn fi ń pariwo, àmọ́ ohùn ìyá tèmi ni mo gbọ́, Ọlọ́run tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo sì ti gba fóònù Ìyanu rí, mo ka ohun tó wà níbẹ̀ sí i létí lójú àwọn àlejò. Ìwé náà ò kọ́ ọmọ láti kọjú sí mi. Èmi ló ń bá wí.

Ọmọ Aláàfin
Ẹ ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀yin náà ń wá ojú ara yín níbẹ̀. Kí lẹ wá ń bá mi jà sí láti àárọ̀?

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn
Ó ka ìwé dé ìdajì kó tó bá ara rẹ̀ pàdé. Ìwọ ti ń pe orúkọ ara rẹ láti ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Aláàfin
Tíṣà, ẹ ti nà mí ní pàṣán lórí afẹ́fẹ́.

Adé Kàlàbá
Kí ẹ tó pín in tán, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò rántí pé Sípáníìṣì wà nítòsí wa níbí? Kàlàbá ni mo dàgbà sí. Bàbá onílé wa, "Panya" ló máa ń pe ibi tó ti ṣiṣẹ́ oko kòkó nígbà èwe, ìyẹn Fernando Po tó ti di Bioko báyìí, ní Equatorial Guinea. Ìgbà ìjọba òyìnbó ló fi orúkọ sílẹ̀ tí wọ́n fi kó o wọkọ̀ ojú omi. Lábẹ́ Macías, ààrẹ wọn nígbà náà, nǹkan bí 1975 sí 1976, Nàìjíríà lọ kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ nítorí ìyà tí wọ́n ń jẹ. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 1968 ni orílẹ̀-èdè yẹn gba òmìnira, ó sì bọ́ sínú oṣù àyẹ́sí yín gẹ́lẹ́. Wọ́n ní òǹkọ̀wé. María Nsue Angüe kọ Ekomo ní 1985, Donato Ndongo-Bidyogo kọ Las tinieblas de tu memoria negra ní 1987: ọmọ dúdú tí àwọn fadá Sípéènì ń tọ́ láti di àlùfáà, tí ilé ń fà á lápá kan, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń fà á lápá kejì. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ wà. Ibi tí èèyàn ti ń rí òkè rẹ̀ láti etíkun wa bí ojú ọjọ́ bá mọ́, a ò mọ̀ wọ́n, à ń sáré lọ Kúbà.

Àlàbí Kúbà
Òkè yẹn, Kàmẹrúùnù ni wọ́n ti ń rí i dáadáa, Adé. Àmọ́ ẹ wí ire. Ẹ gba ẹ̀bi mi náà, mi ò rántí wọn. Ìyá Ìyanu, ìbéèrè kan péré ló kù lọ́wọ́ mi: ẹ ti bi aládùúgbò yín kankan tó ń sọ Sípáníìṣì? Bronx yẹn kún fún wọn, àwa Yorùbá lẹ wá ń bi.

Ìyá Ìyanu
Ojú tì mí nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Dókítà. Ìyá Yesenia ń gbé lókè wa, ọdún kẹrin rèé tí à ń bá ara wa gbé ọmọ lọ síléèwé. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lánàá.

Ó kọ́kọ́ ní òun ò mọ èyí tí wọ́n ń pè ní Hispanic, Dominicana lòun, Salcedo ni ìlú òun. Mo fi orúkọ ìwé mẹ́fà hàn án. Ó gbé páálí bàtà kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ owó ilẹ̀ wọn kan níbẹ̀, 200 pésò. Obìnrin mẹ́ta ló wà lójú owó náà. Ó ń fi ìka tọ́ wọn: Patria, Minerva, María Teresa. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1960, wọ́n ń bọ̀ látibi tí wọ́n ti lọ wo ọkọ lẹ́wọ̀n, àwọn èèyàn Trujillo, apàṣẹwàá tó ń ṣàkóso wọn nígbà náà, dá wọn lọ́nà, wọ́n lù wọ́n pa pẹ̀lú ẹni tó ń wa ọkọ̀ wọn, wọ́n wá ti mọ́tò náà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kó lè dà bíi jàǹbá. Kò pé oṣù méje tí wọ́n fi pa Trujillo náà. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mú, ní 1999, láti máa fi tako ìyà tí wọ́n fi ń jẹ obìnrin. Ìtàn tó wà nínú In the Time of the Butterflies nìyẹn, labalábá ni wọ́n ń pe àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà.

Ó ní nígbà tí òun wà níléèwé, wọ́n kó wọn lọ sí ilé wọn tó ti di mùsíọ́mù. Irun dídì María Teresa wà nínú gíláàsì níbẹ̀. Dedé, èyí tó kù láyé nínú wọn nígbà náà, jókòó sí àgbàlá, ó bi òun pé ọmọ ta ni ọ́. Ó ń sọ ọ́, ó ń fọwọ́ pa irun Yesenia.

Mo bi í pé ṣé ó ti ka ìwé náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, Gẹ̀ẹ́sì ni Alvarez fi kọ ọ́, ìyá òun sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún òun kí Alvarez tó kọ ọ́. Mo ní wọ́n ti tú u sí Sípáníìṣì. Ó ní ká wá a. Òun á máa ka tirẹ̀, èmi á máa ka tèmi, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí kò séyìí tó níṣẹ́ nínú wa. Nítorí náà ìyẹn ni ìkíní, Mango Street ni ìkejì. Ìyanu ní òun ti ka The Poet X láti oṣù tó kọjá, Yesenia ló yá òun. Mi ò sọ nǹkan kan.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ni ìyá Yesenia bi mí pé kí òun náà ka ìwé tiwa kan, kí n sọ èwo. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òpó. Èwo ni kí n sọ?

Ọmọ Aláàfin
El Monte! Ó kúkú gbọ́ Sípáníìṣì.

Bọ̀dé Houston
Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí o.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn
Fágúnwà ni. Ṣóyínká ti tú ti Igbó Irúnmọlẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láti 1968.

Àbẹ̀kẹ́ Láíbìrì
Tíṣà, Gẹ̀ẹ́sì ìyẹn le ju ti Alvarez lọ. Obìnrin náà ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣòro fún òun.

Ìfẹ́olúwa
Àti pé ẹbọra ló kún inú rẹ̀.

Ìyá Ìyanu
Ẹ máa jà á lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mò ń lọ sùn. Bí mo bá jí, kí n bá ìdáhùn kan níbí.